Ọjọ́ tí mo lé olùkọ́ ìdìmú

Òórùn àdín ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kí ènìyàn tó fojú rí pápá ìjàkadì wa rárá, àdín á ti lù ú nímú láti ẹ̀yìnkùlé, òun àti òógùn àti iyanrìn tútù tí a ń bù wá láti etí odò, tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ kí ẹni tó bá ṣubú má baà ṣẹ́ léegun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ṣàgámù nígbà náà ni. Ìwọ náà rántí bí ìbẹ̀rù ogun ṣe kó àwọn ìlú kéékèèké jọ sójú kan, tí olúkúlùkù sì ń wo aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tí kò tètè lọ. Bàbá mi ló dá pápá náà sílẹ̀ ní àdúgbò wa, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lè ní agbára láti gbé ẹrù, láti gbèjà ilé, àti láti dá àwọn ọmọ àdúgbò kejì nígbà ìjàkadì ọdọọdún. Nígbà tó kú, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ènìyàn mẹ́ta ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, gbogbo wọn ló sì jù mí lọ. Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ wọn ní ìdìmú, bí a ṣe ń gbá ènìyàn mú níbàdí, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, wàá jókòó láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kejì ló ń kó wọn sáré lọ sódò láàárọ̀, tó sì ń mú wọn gbé òkúta. Ẹnì kẹta ni ìyá aláàdín, opó kan tó ń ra wọ́n lára bí iṣan bá lọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ohun tó so àwa ọkùnrin pọ̀ ni àáró. Láti ayé bàbá mi ni wọ́n ti ń ṣe é: ní ọjọ́ kejì ọjà, gbogbo wa á lọ kọ ebè ní oko ẹnì kan, bí ọjà mìíràn bá tún kọjá, ó kan ẹlòmíràn, títí yóò fi yí ká. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan. Ọjọ́ pé, o gbé ọkọ́, o lọ.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, àwọn ènìyàn yìí sú mi. Bí mo bá ní kí wọ́n tètè máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "A ti gbọ́." Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ìdìmú á dé nígbà tó bá wù ú. Bí mo bá ní kí òkúta gbígbé ṣáájú eré sísá, wọ́n á ní, "A ti gbọ́," eré náà á sì ṣáájú bó ṣe ń ṣáájú láti ayébáyé. Ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára. Mo wá rò ó pé bí mo ṣe ń bá wọn bẹ̀rẹ̀ nínú poro ebè ni wọn kò fi kà mí sí, pé olórí kì í fi ẹ̀yìn han ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ni mo bá dá àáró dúró lọ́wọ́ tèmi. Nígbà tó kan oko olùkọ́ eré, mo fi iṣu ránṣẹ́, mo ní iṣẹ́ pápá kò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tó kan oko olùkọ́ ìdìmú, mo tún fi iṣu ránṣẹ́. Ìyá aláàdín pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Iṣu kò ní ọwọ́ tó fi ń kọ ebè o," ó ní. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ.

Lọ́dún náà, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Àdúgbò kejì ti dá wa lọ́dún méjì tẹ̀léra. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí wọ́n bá tún dá wa lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn á gba ilẹ̀ pápá náà fún àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí. Iṣẹ́ bàbá mi á wọlẹ̀ nìyẹn, lọ́wọ́ èmi ọmọ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé pápá, n kò bá olùkọ́ kankan. Àwọn ọmọ bí ogún jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Mo retí títí. Oòrùn yọ, ó là, ó ń jó wa lórí, kò sẹ́ni tó yọjú. Ìyá aláàdín pàápàá, tí kì í pa ibẹ̀ jẹ, kò wá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n: wọ́n ń gbẹ̀san oko tí n kò lọ. Mo ní kò burú, èmi nìkan á kọ́ wọn. Ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Mo bá ọ̀kan nínú wọn wọ̀yá ìjà kí n lè fi bí a ṣe ń gbá ìbàdí mú hàn wọ́n, ọmọ náà sì dá mi. Àwọn tó kù yíjú síbòmíràn kí n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí olùkọ́ ìdìmú tó dé. Erùpẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún, ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kó lè kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Erùpẹ̀ yẹn gan-an ló mú kí orí mi gbóná. Ó kí mi, n kò dáhùn. Ọkùnrin tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, mo la "ìwọ" mọ́ ọn lórí lójú gbogbo àwọn ọmọ.

"Ìwọ, níbo lo wà láti àárọ̀?"

"Oko ni mo wà," ó ní.

"Padà sóko náà, kí o sì jókòó síbẹ̀. Má tẹ ilẹ̀ yìí mọ́. Pápá bàbá mi kò wá ọ̀lẹ."

Ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ. Mo rò pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. "Ó dáa," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó sì lọ. Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún ọ. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá aláàdín dé, ó ru igbá òfìfo. Àwọn ọmọ ti rò fún un lọ́nà. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó ní, "Ìyàwó rẹ dà?" Mo ní ó ti lọ ta obì létí ọ̀sà, ìyá náà ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àáró ńkọ́, ta ló kàn lónìí?" Mo ní n kò mọ̀, kó má fi àáró yọ mí lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. "Lọ wo oko rẹ," ó ní, ó sì gbé igbá rẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́jú, mo gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí oko mi wà. Igbó ni mo fi síbẹ̀, igbó tí n kò ráyè ro. Ebè ni mo bá. Láti ìdí ọ̀pẹ títí dé etí omi, ebè tò lọ bẹẹrẹ. Mo mọ ti olùkọ́ ìdìmú nínú wọn, nítorí tirẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kó lè le. Ewé ẹ̀kọ tí ìyá aláàdín gbé wá fún wọn wà lábẹ́ igi, wọ́n ti ṣà á jọ sójú kan. Èmi ni àáró kàn. Wọ́n wá, wọn kò bá mi, wọn kò bá ìyàwó mi tí ì bá gbé omi wá fún wọn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé mo dúró lé wọn lórí. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú ara mi dáadáa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú pé wọn kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń pe sí àáró tirẹ̀? Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.

Mo mú àbúrò bàbá mi dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ilé ọkùnrin náà. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wa lómi. "Ẹ dìde," ó ní. "Mo ti gbọ́. Kò sí ìjà." Mo bi í bóyá a ó rí i lọ́la ní pápá. Ó mi orí. "Àáró wa ń lọ bó ṣe ń lọ. Ní ti pápá, ẹ pè mí ní ọ̀lẹ níwájú àwọn tí mò ń kọ́. Bí mo bá padà, tí mo ní kí wọ́n gbá ìbàdí mú, ta ni yóò gbá a mú?" Mo ní màá tọrọ àforíjì níwájú wọn. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé mo fẹ́ ba iyì tèmi náà jẹ́ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Àdúgbò kejì tún dá wa. N kò ní fa ìyẹn gùn, gbogbo ayé ló rí i. Àwọn àgbà gba ilẹ̀ náà, ilé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọdé ń ṣeré níbi tí bàbá mi ti da iyanrìn. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà mìíràn ni mo sì sábà máa ń gbà.

Ṣùgbọ́n àáró kò dúró. Mo lọ sí oko tirẹ̀ nígbà tó kàn án, a jọ kọ ebè, a kò sọ ju ìkíni lọ. Nígbà tó yí dé ọ̀dọ̀ tèmi, mo ti wà lóko láti òwúrọ̀, mo gbé omi àti oúnjẹ dání. N kò ní pápá mọ́, n kò sì jẹ́ olórí ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́kọ́ dé nínú wọn. Ó kí mi, ó wo ilẹ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì yíjú sí mi, èmi tí mo kéré sí i. "Ibo lẹ fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀?" ó ní. Mo nawọ́ sí ìdí ọ̀pẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ olórí wọn, n kò bi ẹnì kan nínú wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.