Ọpẹ́ Àbúrò Mi Tó Ń Gbá Họ́kì

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbá họ́kì orí yìnyín nínú líìgì kékeré, nítòsí Atlanta níbí. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń kó àwọn ọ̀dọ́ sí, wọ́n ní àwọn ń tọ́ wọn dàgbà. Mo lọ wo eré wọn léraléra kí n má baà purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtọ́jú tí mo rí kò ju ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ. Mo bi kóòṣì pé kí ló kù tí ọmọ yìí kò mọ̀. Ó ní kí n ní sùúrù, wọ́n ń tọ́ ọ dàgbà ni. Ẹni tó ti hu irùngbọ̀n!

Bàbá wa ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe. Wọ́n ti sọ ọ́: bí kò bá ríbi dúró sí ní líìgì òkè kí sáà yìí tó parí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yá.

"Àgbàlagbà ń fi igi lé rọ́bà kiri orí omi dídì. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Àfi bí ẹgbẹ́ ńlá ṣe pè é sókè sí líìgì òkè lójijì. Mo wádìí ẹ̀: ẹnì kan ló farapa níbẹ̀.

"Dádì, adelé ni wọ́n fi í ṣe o. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

"Ọ̀mọ̀wé! Ṣé wọ́n pè é àbí wọn ò pè é?"

"Wọ́n pè é, sà."

"Ó tán."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá wa jó ọpẹ́ dé iwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain. Wọ́n gba makirofóònù, wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀bùn náà lára ọmọ àwọn láti kékeré. Ìjọ ké halelúyà. Mi ò rò pé ẹnì kan nínú wọn ti wo họ́kì rí.

Àbúrò mi kò fẹsẹ̀ kan yìnyín lókè. Bẹ́ǹṣì míì ló lọ jókòó sí. Nígbà tí ara ẹni tó farapa yá, wọ́n dá a padà, kóòṣì sì ní ó ti dàgbà sí i.

Sáà parí. Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan tí kò dá àbúrò mi mọ̀ dá wa dúró níbi tí a páàkì sí. "Dádì, ọmọ yín eléré ìdárayá ńkọ́?"

Bàbá wa ò wojú àbúrò mi tó dúró tì wọ́n. "Ó wà ńbẹ̀ o. Wọ́n ṣì ń tọ́ ọ dàgbà."

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń lọ sílé ní Ellenwood, àbúrò mi rọra béèrè pé, "Dádì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ta ló bi ẹ́? Ṣé kí n padà lọ gba ọpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Tá a bá délé, kó bàtà yìnyín ẹ kúrò nínú búùtù mi. Ó ń rùn."