Fáìlì Tí Ìyàwó Ilé Kò Lè Pè Lórúkọ

Láti ọjọ́ tí Kúnbi ti wọ ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìkòsì, kò pe ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé lórúkọ rí. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kí ó tó kúrò ní Ṣàgámù pé ẹni tí wọ́n bí sí ilé ọkọ ṣáájú kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣùáíbù, ọkọ rẹ̀ gan-an, Olówó-orí-mi ni ó ń pè é. Mùkáílà, àbúrò ọkọ rẹ̀, Eyínfúnjowó ni tirẹ̀. Òun àti Mùkáílà ń fi “ẹ” bá ara wọn sọ̀rọ̀: Kúnbi nítorí ọkọ, Mùkáílà nítorí ọjọ́ orí.

Ṣùgbọ́n alápanilẹ́rìn-ín ni Mùkáílà. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dẹ Kúnbi wò, kó lè ṣèèṣì pe orúkọ òun. Lọ́jọ́ kan, ó sá pamọ́ sẹ́yìn táńkì omi, ó jẹ́ kí ọbẹ̀ tí Kúnbi ní kó bá òun ṣọ́ jóná. “Eyínfúnjowó o! Eyínfúnjowó o!” ni gbogbo àdúgbò gbọ́.

Yàrá iwájú ilé náà ni ilé iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kan sì ń wúkọ́ bí arúgbó lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń yí iye padà di ọ̀rọ̀ Yorùbá: bí o bá tẹ 45 sí i, yóò kọ márùndínláàádọ́ta. Ọ̀gá Reuben, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ògúdù, fẹ́ rà á kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè fi kún ètò tiwọn.

“Ẹ bá mi ṣe ìwé atọ́nà rẹ̀,” ni ó wí. “Bí kò bá sí àpẹẹrẹ nínú ìwé yẹn, mi ò rà á o.”

Kúnbi ni wọ́n gbé ìwé náà fún, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dá fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí ń ka àlàyé tí ènìyàn bá kọ sáàárín ètò, tí yóò sì tò ó di ìwé fúnra rẹ̀. Níbi tí o bá fẹ́ àpẹẹrẹ sí, orúkọ fáìlì àpẹẹrẹ náà ni wàá kọ. Ẹ̀rọ yóò lọ gbé e wá. Mùkáílà ló kọ àpẹẹrẹ. Nígbà tó parí, ó kígbe lójú fèrèsé pé, “Ìyàwó wa, orúkọ mi ni mo sọ fáìlì yẹn o!” Kúnbi ní ó dáa, ó sì kọ orúkọ náà bí ó ṣe mọ̀ ọ́n: eyinfunjowo.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Reuben ń bọ̀ wá gba ìwé, Ṣùáíbù kò sí nílé; Kúnbi àti Mùkáílà ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Àlàyé pé, àkọlé pé. Lábẹ́ “Àpẹẹrẹ”, funfun báláú.

Ẹ̀rù ba Kúnbi. Ó tún ẹ̀rọ náà lò, funfun báláú. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. Ó gbàdúrà lé e lórí. Àlájà Sẹ̀kínátù, ìyá ọkọ rẹ̀, tí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣe “Àmín” láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mùkáílà ló wá rí ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ: kò rí fáìlì tó ń jẹ́ eyinfunjowo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Ìyàwó wa, orúkọ tí wọ́n sọ mí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ o.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.”

“Ọwọ́ ń dùn mí.”

“Ẹ jẹ́ kí n yí orúkọ fáìlì padà nígbà náà.”

“Láéláé! Orúkọ mi ò wọ ìwé rí, ẹ wá fẹ́ yọ ọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí M.”

Kúnbi gbé ìka sórí M. Ó gbé e kúrò. Fóònù dún: Ọ̀gá Reuben ti dé Ọjọ́ta.

Ó wá ń wo fáìlì náà bí ẹni ń wo ọmọ alágídí: bó ṣe tóbi tó, fódà tó wà, ọjọ́ tí wọ́n dá a. Ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Àlájà.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ tí wọ́n bí sílé yìí lẹ́yìn tí mo dé, ṣé mo lè pè é lórúkọ?”

“Kí ló dé tí o ò ní lè pè é? Àbúrò rẹ ni.”

“Oṣù tó kọjá ni wọ́n dá a sáyé, mà. Ṣùgbọ́n orúkọ Eyínfúnjowó ni wọ́n sọ ọ́.”

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Àlájà. “Oṣù tó kọjá? Mùkáílà! Ọmọ ta lo fún lóyún?”

“Àlájà, fáìlì ni! Fáìlì!” ni Mùkáílà kígbe láti inú ilé.

“Níbo ni ìyá Fáìlì ń gbé?”

Nígbà tí wọ́n fi yé e pé ọmọ náà kò lẹ́sẹ̀, kò sì ní jẹun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì dá ẹjọ́: Kúnbi lè pe fáìlì, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó ni orúkọ, kí ó kúnlẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Kúnbi ṣe kúnlẹ̀ ti kọ̀ǹpútà, tí Mùkáílà jókòó lórí àga bí ọba tí ń gba ìkíni. Ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: mukaila. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ wọlé, ó jókòó sí àyè rẹ̀, orúkọ fáìlì sì wà lókè rẹ̀.

Ọ̀gá Reuben dé pẹ̀lú òógùn lójú. Ó ṣí ìwé, ó tẹ àpẹẹrẹ sínú kọ̀ǹpútà, márùndínláàádọ́ta sì jáde.

“Ó dáa,” ó ní. “Mo rà á. Ta ni Mukaila tí mo rí nínú ìwé yìí?”

Mùkáílà na àyà. “Èmi ni, sà.”

“Fáìlì ni, sà,” ni Kúnbi wí.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá há, wọn á gbọ́ ohùn Kúnbi láti yàrá iwájú: “Mùkáílà, òpònú! Kí ló dé tí o ò jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ?” Bí Mùkáílà bá yọrí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú, Kúnbi á rọra yí sí i, á kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó. Àbúrò mi ni mò ń bá wí.”