Odán Inú Ìkòkò

Gbogbo odán tó wà ní agbègbè Ṣáṣá ló ń ṣíji bo ènìyàn. Ti Oyèbánjí nìkan ni ènìyàn ń wá ibòji fún. Inú ìkòkò pẹrẹsẹ kan ló ń gbé, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ pé kó má ṣe dàgbà.

Òyìnbó ará Jàpáànù kan tó wá ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí Oyèbánjí ti jẹ́ akọ̀wé ló kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, kó tó padà sílùú rẹ̀ ní 1986. Wọn á gé gbòǹgbò rẹ̀ kù, wọn á fi wáyà bàbà wé ẹ̀ka rẹ̀ kó lè tẹ̀ síbi tí wọ́n bá fẹ́. Ọ̀làjú mà dára o! Àwọn baba wa gbin odán kí wọ́n lè ríbi ta ayò. Oyèbánjí gbin tirẹ̀ kí èèrà lè ríbi jókòó.

Ó ti pẹ́ tí Morónikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbin igi gidi kan síwájú ilé, nítorí oòrùn ọ̀sán fẹ́ẹ̀ pa wọ́n tán lábẹ́ páànù. Ọkọ ní igi ńlá á gba oòrùn lọ́wọ́ ọmọ òun. Ọmọ ló ń pè é. Ká má purọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ jẹ díẹ̀ nínú ewé rẹ̀, kò lè jẹun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Oyèbánjí: ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ipò tó wà nígbà tó gbin odán yìí ló ṣì wà, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ sì ti di ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ìyá wòlíì kan sì bọ́ sínú ẹ̀mí.

"Mo rí igi ńlá kan! Wọ́n fi wáyà dè é mọ́nú ìkòkò! Ọwọ́ tó dè é ni yóò tú u!"

Ohùn Morónikẹ́ ló kọ́kọ́ jáde: "Àmín!"

Ẹlòmíràn ì bá fara balẹ̀ ronú. Oyèbánjí ò ráyè ìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ní ọ̀tá òun ò lè jìnnà sí ẹbí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tó fi wọkọ̀ lọ sí Erunmu, ó bá Gàfárù, àbúrò bàbá rẹ̀, nínú oko ẹ̀gẹ́.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ tú mi sílẹ̀. Wọ́n ti rí igi tí ẹ fi wáyà dè mọ́nú ìkòkò."

Bàbá arúgbó náà gbé ọkọ́ sílẹ̀.

"Oyèbánjí, ṣé kì í ṣe èyí tí o fi hàn mí nílé rẹ nígbà Iléyá nìyẹn? Tí o ní n má fọwọ́ kàn?"

Oyèbánjí wọkọ̀ padà sí Ṣáṣá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tú wáyà náà kúrò lẹ́ka kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún gbangba. Morónikẹ́ ti gbẹ́ ihò síwájú ilé dè é. Ìgbà tó gbẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò bi í.

Òjò ọdún méjì rọ̀ kọjá. Wọ́n tún ṣe ìgbéga níléeṣẹ́, wọ́n tún fo Oyèbánjí. Ó fi ìbínú darí wálé lọ́sàn-án gangan, ó gbé ọkọ́: òun á wú ọmọ òun, á padà sínú ìkòkò, ìran irọ́ ni wọ́n rí!

Odán ti tó o láyà. Adìẹ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, Morónikẹ́ sì jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ọkọ́, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kúkú lọ gbé àga wá."

Oyèbánjí gbé ọkọ́ padà sínú ilé, ó gbé àga jáde. Nígbà tó jókòó, ibòji náà bò ó dé orúnkún. Ìyókù ara rẹ̀ ṣì wà nínú oòrùn.