Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Rhoda ọmọ Bámigbóyè kò gbọ́n, irọ́ ló pa. Ìṣirò ló kà jáde ní yunifásítì. Ọ̀wọ̀ àgbà ló ṣe é ní jàǹbá.

Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ àwọn tó ti jáde yunifásítì níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé-ìwé kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ti gba Rhoda sí iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ó ní òun ò ṣe. "Bàbá, ibi tí ayé ń lọ nìyí." Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí kò rí kọ̀ǹpútà rí, mú un lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń kí i ní, "Okun o, Ìyá Kọ̀ǹpútà!" Inú rẹ̀ a dùn ṣìnkìn.

Kọ̀ǹpútà sì dé lóòótọ́. Wọ́n kó wọn sí yàrá kan ní Kábà, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àfi tí kọmíṣọ́nnà bá wá ṣe ayẹyẹ ṣíṣí yàrá náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n! Samuel, olùkọ́ wọn, wá ya àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ lára kọ̀ǹpútà sórí páálí, ó pín in fún wọn. Háà! Àgbàlagbà tó ti jáde yunifásítì ń tẹ páálí! Ọwọ́ Rhoda ló yá jù, ni Samuel bá fi í ṣe olórí kíláàsì, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà pé kó máa gbá a.

Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Lájídé, ọmọ Ògìdì tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, wọlé wá bá a.

"Rhoda, jọ̀ọ́, ṣí aṣọ yìí. Jẹ́ ká tan ẹyọ kan péré wò."

"Kọmíṣọ́nnà ò tíì dé."

"Ta ló máa sọ fún un?"

"Lájídé, ṣé nílé tiyín, ẹ máa ń jẹ iṣu tuntun káwọn àgbà tó tọ́ ọ wò ni? Bàbá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Lájídé ní, "Iṣu máa ń jẹrà o." Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ gba Ìlọrin lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Rhoda ní kò ní sùúrù.

Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ lónìí, ó ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n kun òkúta ẹnu ọ̀nà ní funfun dè é, wọ́n kọ́ orin. Kò yọjú. Lójijì, ológun gba ìjọba, kọmíṣọ́nnà di ẹni àná. Ọkọ̀ kan dé, ó kó àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ tòun ti aṣọ lórí wọn. Wọ́n wá fún àwọn Rhoda ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti mọṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí kẹ̀! Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n.

Ìwé yìí ló mú lọ wá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́kọ́ja. Ìyáàfin Theresa, ọ̀gá ibẹ̀, mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. "Tàn án, kí o tẹ orúkọ rẹ fún mi."

Ìka Rhoda ti wà ní sẹpẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń tàn án? Samuel ò ya ìyẹn sórí páálí. Ó wo iwájú, ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn, ó tẹ lẹ́tà kan, ó tẹ òmíràn. Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n ti ń tàn án?"

Ìyá náà ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, máa lọ sílé."

Bàbá ti ń retí rẹ̀ níwájú ilé. "Okun o, ọmọ mi. Ṣé o fi ohun tó o mọ̀ hàn wọ́n?"

Rhoda tú báàgì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá Kábà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ jáde, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọwọ́ mi ló wà, Bàbá," ó wí, ó sì bú sẹ́kún. "Gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ló wà."