Ìjókòó Tí Kò Ní Àléébù

Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn Màmá kò dára. Kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọ wa ní Padova gbàdúrà fún ẹ̀yìn náà, ọwọ́ tèmi wà lára àwọn ọwọ́ tí a gbé lé e. Èmi ni mo máa ń bá wọn ra oògùn ìrora ní farmacia lọ́jọ́ tí wọn ò bá lè rìn. Nítorí náà, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò lè fi "mi ò mọ̀" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Màmá ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún ní Ítálì. Iṣẹ́ badante ni wọ́n ń ṣe: wọn á kó lọ sílé arúgbó òyìnbó kan, wọn á máa gbé e dìde lórí ibùsùn, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á fún un lóúnjẹ, wọn á fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í lọ síbi tí oòrùn ti ń ràn. Bí ìyẹn bá kú, wọn á sunkún rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn á tún lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Gbígbé àti títì yẹn ló jẹ ẹ̀yìn wọn. Dókítà ti sọ fún wọn pé eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti gbó, pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ohunkóhun tó bá lè mì wọ́n jìgìjìgì.

Èmi pẹ̀lú wọn kì í ṣe ojúlùmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lásán. Ọdún tí mo lọ ká èso ápù àti èso pesca ní Saluzzo, nígbà tí iṣẹ́ parí tí òtútù dé, n kò ní ibi tí màá sùn sí. Ẹnì kan fún mi ní nọ́ńbà Màmá. Wọn ò mọ̀ mí rí, wọn ò sì mọ ìyá mi. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Oṣù méje ni mo fi sùn sí pálọ̀ wọn. Wọ́n tẹ̀lé mi lọ sí questura, ìyẹn ọ́fíìsì ọlọ́pàá, nítorí ìwé ìgbélùú, wọ́n kọ́ mi ní bí a ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ tí kò ní dà bí ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo ríṣẹ́ irin gígé sí Brescia, àwọn ni wọ́n di ẹrù mi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn dá wa dúró, àwọn náà ni wọ́n gbọ́ pé ọgbà ìṣeré ńlá kan tí kò jìnnà sí Padova ń wá òṣìṣẹ́ fún àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ní kí n lọ dán an wò.

Ọgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ montagne russe tuntun kan lọ́dún yẹn, ìyẹn àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so pọ̀, tó ń gun irin gíga lọ díẹ̀díẹ̀, tó wá ń já bọ́ lójijì, tó ń yípo, tó ń dorí kodò. Giostra ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é. Wọ́n fi mí sí ibi tí èrò ti ń wọlé. Iṣẹ́ mi kò le: kí n fa bẹ́líìtì olúkúlùkù, kí n tẹ irin tó ń dáni mọ́ ìjókòó wálẹ̀ títí yóò fi dún "tá", kí n fi ọwọ́ gbé e wò bóyá ó máa ṣí, kí n wá na àtàǹpàkò sókè sí ẹnì kejì mi tó wà nínú yàrá onígíláàsì. Kí n tó ṣe gbogbo ìyẹn, ojú mi ní láti ríran: ọmọ tí kò ga tó, aláboyún, ẹni tó fi nǹkan di ọrùn. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó fi àwòrán sọ gbogbo rẹ̀. Àwòrán ọkàn wà níbẹ̀, àwòrán ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀.

Mẹkáníìkì àgbà ló kọ́ wa níṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì. Ọkùnrin òyìnbó ni, ó ti pẹ́ ní fábírìkà ọkọ̀ kan ní Torino kó tó wá síbẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó tó bàbá mi, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, tu, ìyẹn "ìwọ" ní èdè Ítálì, ni gbogbo wa ń pe ara wa, ìyẹn ló fà á tí mo fi ń pè é ní "ó" níhìn-ín. Láràárọ̀, kí ilẹ̀kùn ọgbà tó ṣí, ó máa ń fi ẹsẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú òòlù kékeré kan, á kàn án, á tẹ́tí sí i. Ó sọ fún wa pé, "Bí ó bá ṣe ọ́ bíi pé kí o kọ̀ fún ẹnì kan, kọ̀ fún un. Jẹ́ kó bínú. Ẹni tó bínú yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé."

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni ìjọ wa gba bọ́ọ̀sì wá. Àwọn ọmọ sá wọ orí ìlà, wọ́n ń pè mí, "Zio! Zio, facci salire davanti!" Zio, ìyẹn àbúrò bàbá, ni wọ́n ń pè mí; iwájú ni wọ́n fẹ́ jókòó sí. Lẹ́yìn wọn ni mo rí Màmá. Arúgbó tí wọ́n tọ́jú gbẹ̀yìn ti kú lóṣù tó ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún wa pé àwọn ò ní gba iṣẹ́ òmíràn mọ́.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ sin àwọn ọmọ wá ni?"

"Rárá o. Mo wá gùn ún ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Màmá?"

"Ẹ̀yìn mi wà lẹ́yìn mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo pátákó yẹn ná."

"Mo ti wò ó." Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, èmi ni mò ń ti ènìyàn kiri. Mo ti ti ìyá mẹ́fà àti bàbá mẹ́ta títí wọ́n fi kú. Lónìí, èmi náà fẹ́ jókòó kí nǹkan gbé mi. Ṣé ìwọ lo máa wá sọ fún mi pé kí n dìde?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń ráhùn. Àwọn ọmọ ti jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nonna wọn, ìyẹn ìyá àgbà wọn. Gbogbo ìjọ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ, rárá, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ fún ogún ènìyàn lójúmọ́ láìwo ojú wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ rí fún àgbà tó fi oúnjẹ bọ́ mi. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ rọra, Màmá," mo di ọwọ́ wọn mú wọnú ọkọ̀. Mo fa bẹ́líìtì wọn. Mo tẹ irin náà lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé ẹ̀ẹ̀kejì lè tún ohun tí mò ń bàjẹ́ ṣe. Mo na àtàǹpàkò sókè.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi lọ tó fi bọ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kígbe pé kí a tún un ṣe. Màmá jókòó gbagidi, ètè wọn ti funfun, ọwọ́ wọn méjèèjì di irin náà mú. Mo ṣí i.

"Mi ò lè dìde," ni wọ́n sọ, ohùn wọn kéré gan-an.

A dá ẹ̀rọ dúró. Àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn nínú ọgbà gbé pákó wá, wọ́n ké sí ambulanza. Ọ̀gá wa sáré dé, ó lóṣòó tì wọ́n, ó bi wọ́n ní èdè Ítálì bóyá ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀. Màmá wò mí. Mo dúró sẹ́yìn ọ̀gá náà.

"No. Mai," ni wọ́n dá a lóhùn. Kò dùn wọ́n rí. Wọ́n ní ìjókòó náà ló ṣàdédé gbá wọn lẹ́yìn níbi tí ọkọ̀ ti ń yí.

Nígbà tí wọ́n ń gbé wọn kọjá lọ́dọ̀ mi, wọ́n fà mí láṣọ. "Má sọ nǹkan kan," ni wọ́n sọ ní Yorùbá. "Mo ti sọ ọ́ tán."

Eegun ẹ̀yìn kan ló sán. Wọ́n fi busto, ìyẹn ìhámọ́ra líle tó ń mú ẹ̀yìn dúró, dì wọ́n láti abẹ́ apá dé ìbàdí. Dókítà ní wọn yóò tún rìn. Ní ọgbà, wọ́n ti giostra náà pa. Èmi, wọ́n gbé mi lọ síbi àwọn ife ńlá tó ń yí àwọn ọmọ kéékèèké kiri, ibẹ̀ sì dojú kọ giostra náà gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo mẹkáníìkì àgbà.

Ọjọ́ kìíní, ó yọ ìjókòó Màmá kúrò, ó tú u sí wẹ́wẹ́ lórí aṣọ funfun kan. Ọjọ́ kejì, ó yọ àwọn táyà kéékèèké tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tò ó padà, ó gbé àwọn ère oníke tí wọ́n rọ omi kún jókòó sínú rẹ̀, ó rán ọkọ̀ náà lọ. Kò rí nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó síbẹ̀, ọkùnrin tó ti dàgbà tó yẹn, ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, bóyá ìjókòó náà á gbá òun náà. Kò gbá a. Ó tún un tú. Àléébù tí kò sí ló ń wá, mo mọ̀ pé kò sí, mo sì ń gbé àwọn ọmọdé wọnú ife.

Lọ́jọ́ kan, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó wá jókòó tì mí.

"Ìwọ lo tẹ irin yẹn lọ́jọ́ náà," ó ní. "Rántí dáadáa. Ṣé o gbọ́ ìró kan tó ṣàjèjì? Ṣé ó yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ díẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní.

Òótọ́ ni. N kò tíì pa irọ́ tó burú tó òótọ́ yẹn rí.

Ó mi orí. Ó ní àwọn aláṣẹ ọgbà ti sọ fún òun pé kí òun jìnnà sí àwọn ẹ̀rọ yòókù títí olùbẹ̀wò yóò fi dé. "Bóyá ojú mi ti ń kú," ó ní. "Bóyá ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mi ò rí i."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kí Màmá. Wọ́n ti dá wọn padà sílé, wọ́n nà gbọọrọ lórí ibùsùn nínú busto. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ sọ òótọ́.

"Kí wọ́n lé ọ, kí èmi sì di òpùrọ́," wọ́n ní. "Ta ló máa jèrè ẹ̀?"

"Mẹkáníìkì kan wà, Màmá. Àgbàlagbà ni. Ọrùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ojoojúmọ́ ló ń tú ìjókòó yẹn."

"Ènìyàn wà nídìí ẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Ó wà."

"Ẹ̀rọ ni mo rò pé mo purọ́ mọ́."

Wọn kò sọ pé kí n lọ, wọn kò sì sọ pé kí n má lọ. Wọ́n yí ojú sí ògiri, torí pé ojú nìkan ni wọ́n lè yí.

Kí n má purọ́, ǹ bá tún dákẹ́ sí i. Ì bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ì bá tó oṣù. Ohun tó sún mi ni ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: mẹkáníìkì náà wọ awò ojú tuntun. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá awò náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn tí èrò máa ń gbà wọlé, ó gbé nọ́ọ̀tì irin kan sún mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà.

Mo sọdá lọ bá a. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yìn màmá yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo mọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n gùn ún."

Ó yọ awò ojú náà. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí wọ́n tó jókòó."

"O sì ń wò mí láti ibẹ̀ yẹn." Ó nàka sí àwọn ife. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mò ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ìjókòó náà dára nìyẹn."

"Ó dára."

Ó dìde, ó kó àwọn irin rẹ̀, ó lọ ń tò ó padà. Kò wẹ̀yìn wò. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n fòpin sí contratto mi, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́, lọ́sẹ̀ yẹn. N kò jà. Giostra náà ṣí lẹ́yìn tí olùbẹ̀wò ti wò ó. Wọ́n pe Màmá láti wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Pẹ̀lú busto lára ni wọ́n lọ, wọ́n sì sọ pé àwọn purọ́. Ẹni tó bá wọn lọ sọ fún mi pé wọn ò gbé ojú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo bá wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún bí oṣù mélòó kan, bí mo bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á dá mi lóhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ ṣeun." Àwọn tó wà nítòsí rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Kò sí ìyà tí wọ́n lè fi jẹ mí tó ju "ẹ" yẹn lọ.

Settimo Torinese ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova láti bá wọn gbé ohun tí wọn ò lè gbé. Wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, wọn kì í sì í jáde láìmú ọ̀pá lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, mò ń bá wọn so okùn bàtà torí pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lókè orí mi.

"Kí ló dé tí o ò kọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbójú sókè. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ìwọ ni mò ń bi."

"Ojú ló tì mí. Ẹ ti ṣe ìyá fún mi."

"Bí ìyá rẹ bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná, wàá máa wò ó torí pé ìyá rẹ ni?"

Mo so okùn kejì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi láti fi dìde, wọ́n wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, wọn kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí a fi dé ibùdókọ̀.