Káàdì Kékeré Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ máńgòrò nílé ìyá wa ní Ṣakí, ó sì bì títí. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbínú rẹ̀ lé igi máńgòrò náà. Ó ní oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí oko kajú ẹ̀yìnkùlé ni atẹ́gùn ń gbé wá sára èso rẹ̀, ó sì pe ẹni tó ní ẹ̀rọ agégi. Igi tí bàbá wa gbìn lọ́dún tó gbé ìyá wa wọlé ni. Ìyá ò bá a jiyàn. Ó kàn lọ jókòó sábẹ́ igi náà.

Èmi ò kọ́ kẹ́míkà nílé ìwé kankan, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo lè ròyìn ẹ̀rọ ńlá tó ń ya oògùn inú èso sọ́tọ̀ títí oúnjẹ yín á fi tutù. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni káàdì kékeré olójú méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ẹ ó fi omi díẹ̀ ṣan èèpo èso, ẹ ó kán omi náà sójú funfun, ẹ ó dúró díẹ̀. Ẹ ó wá pa káàdì dé kí funfun àti pupa lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó sì fi ìka dì í mú kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí funfun bá di aláwọ̀ aró, káàdì ò rí oògùn kòkòrò níbẹ̀. Bó bá wà ní funfun, oògùn ń bẹ.

"Dókítà máńgòrò dé!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èyí tó kù lórí tábìlì nínú máńgòrò tí ọmọ náà jẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Funfun ò yí padà.

"Ṣó o ti wá rí i báyìí?"

Síbẹ̀, mo já ọ̀kan lórí igi, lápá ibi tó kọjú sí oko kajú gan-an. Mo kán omi lásán sórí káàdì mìíràn pẹ̀lú, torí bí omi bá ti ní nǹkan nínú, irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi di ti orí igi yìí mú. Ọwọ́ yín lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju tèmi lọ."

Ó dì í mú bí ẹni tó mú òròmọdìẹ. "Ṣé kì í ta ni?"

"Rárá o, Ìyá."

Nígbà tó ṣí i, ó ti di aró. Ti omi lásán náà di aró.

Igi kan náà, ìdáhùn méjì. "Ìyá, ibo lẹ ti mú ti orí tábìlì?"

"Nínú dúrọ́ọ̀mù àgbàdo ni. Ṣebí ibẹ̀ ni mo máa ń rì wọ́n mọ́ kí wọ́n lè pọ́n, láti kékeré yín."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá jẹ́wọ́. Òun ló da oògùn kòkòrò sínú dúrọ́ọ̀mù náà kí kòkòrò má bàa jẹ àgbàdo Ìyá, kò sì sọ fún un.

Ìyá wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Pe ẹlẹ́rọ yẹn padà. Sọ fún un pé kó má wá mọ́, igi bàbá rẹ ti rojọ́ ara rẹ̀."

A wa ihò, a bo àgbàdo náà mọ́lẹ̀. Inú koríko gbígbẹ ni máńgòrò Ìyá ti ń pọ́n báyìí. Bí mo bá lọ kí i, á na ọ̀kan sí mi. "Dókítà máńgòrò, yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jẹ ẹ́." Kí n tó ya ọ̀rá káàdì, omi máńgòrò ti ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.