Bàbá Ọlọ́rundáre Kò Tíì Parí Àṣàrò

Lọ́dún tí ìjà orí omi gbóná, àwọn ọmọkùnrin kan gbé ìbọn sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnì wá sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Ugbónla. Gbogbo ará ibẹ̀ ti sá lọ sí Igbókọ̀dá. Bàbá Ọlọ́rundáre, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, kọ̀ láti lọ. Ó ní ibi tí gbogbo ayé sá lọ kò lè ní ìdákẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Rhoda, kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé, Bàbá jókòó sórí pákó iwájú ilé, ó di ojú.

"Bàbá, ẹ dìde," ni olórí wọn wí.

Bàbá kò ṣíjú. "Ẹ pa ẹ́ńjìnì yẹn. Mo ń ṣe àṣàrò. Tí mo bá parí, a ó sọ̀rọ̀."

Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́ràn. Àwọn kan ní ọ̀wọ̀ àgbà ni. Àwọn mìíràn ní Màmá Rhoda ló fi ìka sẹ́nu sí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì, wọ́n ń wo Bàbá. Wọ́n wò ó títí omi fi fà lọ lábẹ́ wọn láìfura. Nígbà tó ṣíjú, ọkọ̀ wọn ti jókòó sórí ẹrẹ̀ bí adìyẹ tó sàba.

"Ẹ kú ìdúró," ni Bàbá wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò sí ibi tí wọ́n lè lọ, àfi bí omi bá kún padà. Màmá Rhoda ro òkèlè pupuru, ó se ọbẹ̀ ẹja àti edé. Ọ̀kan nínú wọn bá a fọ àwo. Wọn kò padà wá mọ́. Ta ni yóò sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun, ọmọ etí omi, jẹ́ kí omi gbẹ mọ́ òun nídìí?

Nínú gbogbo ẹni tó ká Bàbá mọ́ ìdí àṣàrò láyé rẹ̀, àwọn tó gbé ìbọn yẹn nìkan ló dúró dè é.

Nígbà tí àlàáfíà dé tí àwọn ará abúlé padà, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí Bàbá tó gbé òòlù, ó ní láti jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jò yóò dé, tí ẹni tó fẹ́ yá ayùn yóò tẹ̀ lé e. Màmá Rhoda gba iṣẹ́ ìṣọ́. Bó bá ti rí ọkọ̀ lókèèrè, yóò figbe ta: "Ẹ má pariwo o! Bàbá ń ṣe àṣàrò!" Àwọn tó ń sùn lódìkejì odò á jí. Àwọn ajá á dáhùn.

"Rhoda," ni Bàbá wí lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, "jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Tìrẹ ló pọ̀ jù."

Nígbà tó yá, ó wa ọkọ̀ kékeré lọ sáàárín odò, ó so ó mọ́ òpó àwọ̀n, ó jókòó síbẹ̀. Moríkẹ́ tó ń gbé ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà rí ọkùnrin tí kò mira nínú ọkọ̀, ló bá fariwo bọnu. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi yí i ká. Àwọn kan ń sunkún. Àwọn kan ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kan pósí, nítorí òkú náà gan-an ni káfíńtà wọn.

"Ẹnikẹ́ni tó bá kàn án," ni òkú náà wí, "kó má lo pákó tútù."

Tíṣà Adégbóyè, tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn, ní tòun ni pé òun fẹ́ kọ́ àṣàrò. Bàbá sún fún un lórí pákó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n máa rò?"

Bàbá dákẹ́.

"Ṣé imú ni kí n fi máa mí, àbí ẹnu?"

Bàbá dákẹ́.

"Ẹ̀fọn ń jẹ mí, sà. Ṣé ó wà lára àṣàrò náà?"

"Ó wà lára rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ìwọ náà wà lára rẹ̀. Mo ń fara dà á."

Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ kọ́ láti pa ẹ́ńjìnì bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ilé káfíńtà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń rò níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú tí wọ́n sì sin ín, Tíṣà bi Màmá Rhoda léèrè.

"Ẹ gbọ́ pé wọ́n sun ilé wa àkọ́kọ́ nígbà tí ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ni ó dáhùn. "Àwọn ọkọ̀ tó ń kàn jóná mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, tó bá ti jí, ìbínú á máa mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Á jókòó títí yóò fi kúrò lára rẹ̀, kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dí i lọ́wọ́, ìṣó wíwọ́ ló máa ń kàn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn gbé ìbọn wá ńkọ́, Màmá?"

"Ó rí wọn láti òkèèrè. Àáké wà lábẹ́ pákó tó jókòó lé." Màmá Rhoda rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò tíì parí, Tíṣà. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n dúró."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Rhoda wà lójú fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ Promise, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ́ńjìnì, yọ. Ó ti la ẹnu láti figbe ta kó tó rántí pé Bàbá kò sí mọ́. Promise pa ẹ́ńjìnì, ó mú àjẹ̀.

"Promise," ni Màmá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "má pa á mọ́. Ó ti parí."

"Mo gbọ́, Mà," ni Promise wí. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ náà, jẹ́jẹ́, títí ó fi kọjá pákó iwájú ilé, kó tó tan ẹ́ńjìnì.